Àbùùbùtán Dìde Lójú Wọn

Kettle Harbor,
Etí Adágún Superior,
Michigan.
Ọjọ́ Ajé, ní oṣù Kọkànlá.

Dewey Pelkie, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ òtútù, tí a jọ jẹ iyọ̀,

Mo kí ọ, mo sì kí eékún rẹ tuntun tí dókítà fi sí ọ lẹ́sẹ̀. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí àga, kí Ọlọ́run fún ọ lágbára láti dìde. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, rọra jókòó kó o tó kà á, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbóná. Bá mi kí ọmọ rẹ obìnrin tó gbà ọ́ sílé ní Tucson, bá mi kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ. Èmi náà ń bẹ láyé. Èjìká mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí yìnyín bá fẹ́ bọ́, ó sì ń sọ òótọ́ ju àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí lórí rédíò lọ. Ruben Salcedo tí a jọ ń kọ́ni kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá àyè ṣì kù fún ènìyàn kan lábẹ́ oòrùn ọ̀hún.

Ó yá, ìkíni ti tó. Ìjà ni mo fẹ́ bá ọ jà.

Nígbà tí o pè mí ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, tí mo sọ fún ọ pé wọ́n fẹ́ pa ẹ̀ka tẹníìsì wa ní yunifásítì rẹ́, o mí kanlẹ̀, o ní, "Lorna, jẹ́ kó lọ. A ti ṣe tiwa." Mo dákẹ́, o sì rò pé mo gbà. N kò gbà o. Inú ló bí mi débi pé n kò rí ẹnu sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìwọ Dewey! Ìwọ tí a jọ lọ bá ọ̀gá àgbà ayé ìgbà yẹn nígbà tí orí wa kò tíì hu ewú, tí a ní kó fún wa láyè kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ tẹníìsì látòkè délẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré àti arúgbó, bí wọ́n ṣe ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Ọkùnrin náà fi wá rẹ́rìn-ín. O wò ó, o ní a ò ní kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀ títí ẹ̀rín náà á fi tán. Ẹ̀rín náà sì tán. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mò ń wá, n kò mọ ẹni tó pè mí lórí fóònù.

Jẹ́ kí n ro ó fún ọ bó ṣe rí gan-an, torí ìdajì lo gbọ́. Orrin Halvorsen, igbákejì ọ̀gá àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn, kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ẹ̀ka wa pa. Ọmọ ìlú yìí ni, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa, kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó korò síni lójú. Ohun tó sọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe kò ní ráyè gbé àgọ́ atẹ́gùn wa dìde lọ́dún yìí, aṣọ ńlá tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí kó lè bo pápá. O rí àrékérekè? Bí kò bá sí àgọ́, kò sí pápá ìgbà òtútù. Bí kò bá sí pápá ìgbà òtútù, ẹgbẹ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò ní oṣù Kejì á yọ orúkọ wa kúrò lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní á sì di ẹrù wọn, wọ́n á máa lọ. Kò pa wá, Dewey. Ó kàn ní kí òtútù bá òun pa wá.

Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bu yàrá tí a ti ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kó àga tó ti kán síbẹ̀. Wọ́n tún bu pápá ìta méjì, wọ́n da ọ̀dà sí i, ó di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Wọ́n wá bu ìwọ alára, torí nígbà tí eékún rẹ daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ. Wọ́n ń bù wá, wọ́n ń bù wá. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ tí àwọn ọmọ ń pe àgọ́ yẹn? Ṣebí Àbùùbùtán ni, ẹja ńlá inú òkun tí wọn kì í bù tán. Ìwọ lo sì sọ ọ́ lórúkọ, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wú tí o rí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Orúkọ a máa ro ọmọ o.

Mo lọ bá Orrin ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bu kọfí fún mi, ó béèrè èjìká mi, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Kóòṣì Lorna, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ o. Láti ìgbà wo ni gbígbá bọ́ọ̀lù ti di ohun tí ènìyàn ń torí ẹ̀ lọ sí yunifásítì?" Mo ní, "Láti ìgbà tí kọfí mímu ti di iṣẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà." Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un pé kò sí ẹgbẹ́ tẹníìsì gidi kan láti ibí dé Ohio tí ọmọ wa kò sí níbẹ̀, tí kò bá kọ́ni á máa darí ni. Ó wo ojú fèrèsé, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa. Tí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá gbé àgọ́ yín dìde fún yín."

Àpárá ló dá. Èmi dìde, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ní, "O ṣeun, Orrin. Mo ti gbọ́." Akọ̀wé rẹ̀ gbọ́, àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó fi dá àpárá ni mo gbé jáde níbẹ̀ bí àṣẹ.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni mo bá Jolene Beauchamp ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó ń di àpò. O kò mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni, láti ìlú Ontonagon, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ tó ń kó gẹdú. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kó o rí i pẹ̀lú ọmọ kékeré! Ọmọ tó ti ń ké látàárọ̀, kó kàn ti rákẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹkún dá. Irú wọn kì í wọ́pọ̀. Ó ní, "Kóòṣì, mo ti sọ fún mọ́mì mi pé n ó ti délé kí Kérésì tó dé. Ṣé kò sàn kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ ju kí wọ́n lé mi lọ?" Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo gba àpò náà, mo da gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sórí ìjókòó, mo ní, "Kó wọn padà síbi tí o ti mú wọn. Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé." Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà tiwa yìí, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí orí ọmọ máa wọ́ lọ. Kì í ṣe èmi.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wa àtijọ́. N kò bẹ ẹnì kankan. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé, "Àbùùbùtán wà nílẹ̀, wọn ò fẹ́ kó dìde. Sátidé ni. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ dání." Àwọn kan ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Marit Voss, tó ń darí ẹgbẹ́ ní Milwaukee báyìí, tí o máa ń pè ní Alágídí, ní, "Kóòṣì, ta ni ò fẹ́ kó dìde? Ẹ kàn fún mi lórúkọ ẹ̀."

Ruben lẹ̀rù bà. O mọ ọmọ Texas yẹn, ẹni tó ń wọ ẹ̀wù méjì nínú oṣù Kẹfà. Ó wá bá mi, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ní, "Lorna, wọ́n á lé wa lẹ́nu iṣẹ́ o." Mo ní, "Tí wọ́n bá lé wa, o ò ní padà sínú oòrùn ni? Kí lò ń sunkún sí?" Ó ronú sí i, ó ní, "Òótọ́ ni ṣá. Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Sátidé dé, atẹ́gùn orí adágún ń gé ni létí. Mo rò pé bóyá a ó rí ènìyàn bíi mélòó kan. Hà, Dewey! Ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí, tó jẹ́ pápá wa tẹ́lẹ̀, mọ́tò kún un bámúbámú. Àkọ́kọ́ rèé tí ibẹ̀ máa wúlò fún wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bà á jẹ́. Àwọn ọmọ tí a kọ́ ti hu ewú, àwọn míì gbé ọmọ tiwọn wá. Àwọn ará ìlú náà jáde, àwọn tí kò di rákẹ́ẹ̀tì mú rí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó fi wọ́n kọ́ṣẹ́: dókítà eyín, àwọn awakọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, àti Aili Rautio tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Aili kó àwọn obìnrin ìjọ lẹ́yìn, wọ́n ru pásítì gbígbóná, ìyẹ̀fun dídín tí wọ́n fi ẹran há nínú, òórùn ẹran àti àlùbọ́sà ń ta ni nímú láti ọ̀nà jíjìn.

O mọ bí aṣọ yẹn ṣe wúwo tó. A tò sí etí rẹ̀ yíká, a ń fà á, a ń tẹ́ ẹ, a ń fi irin dè é mọ́lẹ̀. Mo gun orí àpótí, mo ń pariwo bí ìwọ ṣe máa ń pariwo, "Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀!" Marit ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní: "Ṣé ẹ̀ ń fà á ni, àbí ẹ̀ ń pa á lára?" Jolene dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ́kọ́ mí ná kẹ́ ẹ tó máa bú wa." Gbogbo ibẹ̀ hó. Ruben yọ̀ lórí yìnyín, ó fìdí jókòó gbì, ó ní òun ò lè dìde mọ́, àfi kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí òun náà.

Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Àwọn kan ti ń wo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni àárín aṣọ mí. Ó wú díẹ̀, ó rọ̀, ó tún wú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn funfun yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè ṣáá. Mo sunkún, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi sí ọ, torí ibi tí ó yẹ kó o dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ṣófo. A wọlé, a bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọ̀n.

Àgọ́ kò tíì wú tán tí Orrin fi dé, òun àti ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe. Ó mú ìwé àṣẹ dání pé kí a tú àgọ́ palẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ìwọ náà rántí ilẹ̀kùn wa: ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, yàrá kótópó kan láàárín wọn. Kí ọmọ ọdún kìíní tó mọ bí wọ́n ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, a ti kọ́ ọ pé ti ìta gbọ́dọ̀ tì kí ti inú tó ṣí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn á jáde, òrùlé á sì wá bá wa nílẹ̀. O sì mọ àwọn ènìyàn wa lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. A lè máà kí ara wa fún ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lójú? Èèwọ̀ ni.

Orrin ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Aili tó ń gbé àwo pásítì bọ̀. Kí ni ọmọ tí a tọ́ á ṣe? Ó di ilẹ̀kùn mú fún un. Ẹni tó bá a wá ti ṣí ti inú, òun náà di ìyẹn mú fún ọ̀gá rẹ̀. Aili ní, "Kọ́kọ́ wọlé, Orrin." Orrin ní, "Ó tì o, mà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé." Ọkùnrin kejì ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀, mo dì í mú." Aili alára mọ òfin ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìwà ìlú wa ju òfin lọ. Wọ́n ń yẹ́ ara wọn sí, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Atẹ́gùn rọ́ jáde. Ó ṣí fìlà lórí Orrin, fìlà ń yí gbirigbiri lórí yìnyín lọ sí etí adágún, ìwé àṣẹ ń fò tẹ̀ lé e. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn iná tó so mọ́ ọn ń mì lọ mì bọ̀. Gbogbo wa figbe ta, "Ẹ ti ilẹ̀kùn! Ẹ ti ilẹ̀kùn o!" Orrin dúró gbagidi, ó di tiẹ̀ mú pinpin, ó ń kígbe padà pé, "Èwo? Èwo nínú ẹ̀?" Jolene ló ju àwọ̀n sílẹ̀ tó sáré lọ. Ó di kọ́là ẹ̀wù igbákejì ọ̀gá àgbà mú, ó fà á wọlé, ó fa Aili tàwotàwo, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìta, gbàgà! Pásítì kan ṣoṣo ló já bọ́. Gbogbo wa gbójú sókè. Òrùlé dúró níbi tó dé, kò lọ kò bọ̀, títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Aili Rautio ló kọ́ Orrin ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ó gbé àwo lé mi lọ́wọ́, ó wo Orrin látorí dẹ́sẹ̀, ó ní, "Orrin Halvorsen, ìwọ tó wá ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yìí pa, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo o ò mọ̀ ọ́n tì."

Ẹ̀rín ọ̀hún! Ruben gbá inú mú. Ojú Orrin pọ́n dé etí, ṣùgbọ́n kò sá. Mo gbà fún un níbẹ̀ yẹn. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Kóòṣì Lorna, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ tú u kó tó di Ẹtì." Mo ní, "A ò ní tú u. Ìwọ wá tú u." Ó wo ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe. Ìyẹn ní, "Sà, ẹ má wojú mi. Àwọn náà ló ń júwe bí a ṣe ń tú u fún wa lọ́dọọdún." Mo ní, "Orrin, o ní kí àwọn ọmọ wa wá gbé e dìde. Wọ́n ti wá. Gbogbo ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ló dúró níwájú rẹ yìí. Bẹ̀ wọ́n."

Dewey, ó bẹ̀ wọ́n lóòótọ́! Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ṣé a rí ẹni tó lè bá wa tú u?" Marit ká ọwọ́ gbera. Ruben bu pásítì jẹ. Dókítà eyín ń wo bàtà rẹ̀. Jolene ló dáhùn, ó ní, "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ tẹníìsì, mo ṣì ń wá ẹni tí ò gbá a rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń kọ́ni."

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín, torí ọmọ náà kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. O mọ̀ pé gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wá aláìmọ̀kan kan tí wọ́n á kọ́, òun nìkan ni kò tíì rí tiẹ̀.  Orrin ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì nígbà ìrúwé, ó sì yí padà lọ láìfi fìlà borí. Ó ṣí ilẹ̀kùn inú, ó bọ́ sí àárín, ó tì í. Ó dúró. Ìgbà yẹn ló tó ṣí ti ìta.

N kò ní purọ́ fún ọ pé a ti borí. Ìgbìmọ̀ lè lé èmi àti Ruben, mo sì ti sọ fún Ruben pé kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì Texas. Ṣùgbọ́n yìnyín bọ́ lánàá, ó bọ́ gan-an, Àbùùbùtán sì gbé e rù. Mo ń gbọ́ dídún bọ́ọ̀lù bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ ní oṣù Kejì, wọ́n á bá wa lórí pápá. Jolene ti pe ìyá rẹ̀ pé kó má retí òun àfi lọ́jọ́ Kérésì gan-an, àti pé òun á padà. Ẹni tó bá fẹ́ pa wá, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ pa wá. A ò ní bá a dọ̀bálẹ̀ de ọ̀bẹ.

Nítorí náà, kó ọ̀rọ̀ rẹ padà. N kò gbà á lọ́wọ́ rẹ, n kò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé ìwọ lo máa kọ́ wọn ní okùn síso láti oṣù Kìíní, ojú wọn ti wà lọ́nà. Má sọ eékún fún mi. Ọwọ́ la fi ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì, orí ìjókòó la sì ti ń so ó. A ti kó àwọn àga wọn jáde kúrò nínú yàrá rẹ, a fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ.

Kí Ọlọ́run tó mú ẹsẹ̀ rẹ lọ sínú oòrùn fi ẹsẹ̀ náà mú ọ bọ̀ wá sínú òtútù wa. Kí eékún rẹ gbọ́ tìrẹ. Kí ohun tí a fi ọwọ́ méjèèjì gbìn má kú lójú àwa méjèèjì. Kí ilé ọmọ rẹ tù ọ́ lára, ṣùgbọ́n kó má tù ọ́ jù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbọ́ràn,
Lorna Kangas.

Mo gbàgbé: A rí fìlà Orrin, inú koríko etí adágún ló há sí. Ruben fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn inú, Jolene sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá mú un. Ẹ ti ilẹ̀kùn." Ní ọ̀sán yìí, akọ̀wé Orrin pè mí. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ mọ irú bàtà tí ènìyàn ń wọ̀ sórí pápá. Ọ̀la ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun.